Fìlà Òfìfo Lẹ́nu Wáyà Dúdú

Ariwo ni wọ́n fi ń mọ̀ pé nǹkan ń lọ déédéé ní ilé iṣẹ́ ìhunṣọ náà. Bí àwọn ẹ̀rọ bá ń dún gbàgà-gbàgà, ọkàn oníkálùkù á balẹ̀, wọn á máa fi ọwọ́ bára wọn sọ̀rọ̀, wọn á máa rẹ́rìn-ín. Ìdákẹ́jẹ́ ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Ìdí nìyí tí àyà gbogbo wọn fi já láàárọ̀ ọjọ́ náà, nígbà tí ẹ̀rọ kan dúró, tí ìkejì dúró, tí wọ́n ń dákẹ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí dé èyí tó wà lẹ́bàá ògiri ẹ̀yìn, tó wá jẹ́ pé ikọ́ àwọn ahunṣọ nìkan ni èèyàn ń gbọ́ nínú gbọ̀ngàn.

Alága ilé iṣẹ́ sáré sọ̀kalẹ̀ látòkè, Fọ́mánù tó ń darí àwọn ahunṣọ sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

"Ta ló ṣe é?" Alága pariwo. "Aṣọ tí oníbàárà ń retí wà lórí ẹ̀rọ, ẹnì kan sì lọ pa gbogbo ẹ̀rọ fún mi! Ẹni náà mọ ara rẹ̀, èmi náà sì mọ̀ ọ́n."

Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò kúrò lára Bàbá Wáyà, àgbà òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú wáyà ilé iṣẹ́ náà.

Bàbá Wáyà ń ti yàrá tí wọ́n ń kó òwú sí bọ̀, àkísà tó fi ń nu eruku wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti yí padà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá kọ̀ǹpútà, rí ojú yẹn, ọkàn rẹ̀ sì dàrú. Ó mọ ojú bàbá rẹ̀ dáadáa. Ojú ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́ ni.

Bàbá Wáyà ló fa wáyà dúdú tó gba ẹ̀yìn gbogbo ẹ̀rọ ìhunṣọ kọjá, nígbà tí ọmọ rẹ̀ yìí ò tíì mọ̀ ọ́n rìn. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan wà nísàlẹ̀; inú wáyà dúdú yẹn ni bátànì aṣọ máa ń gbà láti ara kọ̀ǹpútà náà lọ bá ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ náà dàgbà, ó kàwé, ó gba iṣẹ́ nílé iṣẹ́ kan náà, òun ló sì fa wáyà búlúù, èyí tí fọ́nrán inú rẹ̀ lọ́ mọ́ra ní méjì-méjì, sí gbogbo ọ́fíìsì òkè. Ẹ̀ńjíníà Kékeré ni àwọn ahunṣọ ń pè é. Orí bàbá rẹ̀ máa ń wú bó bá gbọ́ orúkọ yẹn. Nígbà mìíràn á tiẹ̀ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, kí wọ́n lè tún un pè.

Lánàá ni àwọn méjèèjì so nẹ́tíwọ̀kì ìsàlẹ̀ mọ́ tòkè. Àpótí kékeré kan ló wà láàárín: wáyà dúdú wọ apá kan, wáyà búlúù wọ apá kejì, àpótí náà ló sì ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ọ̀kan fún èkejì. Ayàwòrán kan tẹ bọ́tìnnì lókè, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í hun bátànì rẹ̀ nísàlẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Lónìí, ohun tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ti kú.

"Bàbá," ni Alága sọ, "ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ níwájú gbogbo wa pé ẹ ò fẹ́ kí wọ́n so tuntun mọ́ wáyà yín?"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Ọmọ mi ló yí mi lọ́kàn padà."

"Ẹ máa sọ ìyẹn fún ọlọ́pàá." Alága ti yàrá kọ̀ǹpútà pa, ó sì ju kọ́kọ́rọ́ sápò. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan. Bí iṣẹ́ òní bá parí tí ọ̀rọ̀ yìí ò tíì yanjú, ẹ máa kúrò níbí ni, màá sì sọ ìdí rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá béèrè lọ́wọ́ mi."

Ẹ̀ńjíníà Kékeré yíjú sí bàbá rẹ̀. Gbogbo ayé bàbá rẹ̀ wà nínú ilé yìí. Bí wọ́n bá lé e jáde pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ba ilé iṣẹ́ jẹ́, ibo ló fẹ́ gbójú sí? Ohun tó sì dùn ún jù ni pé kò dá òun alára lójú pé ọwọ́ bàbá rẹ̀ mọ́.

*

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n rán wá kò ga, kò sanra, bàtà rẹ̀ kò sì dún rárá. Obìnrin ni, ó gbé awò-ojú sórí imú bí ẹni tó fẹ́ kàwé. Ojú-Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é ní àgọ́ ọlọ́pàá, torí pé bí ọ̀rọ̀ bá tóbi tó ilé, ihò tó kéré jù lára rẹ̀ ló máa ń gbà wọlé. Òun náà mọ̀ pé òun mọ iṣẹ́, kò sì fi í ṣe àṣírí. Kó tó kí ẹnikẹ́ni, ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ kan, ó ń ṣa àjákù òwú. Ó wò ó, ó fi í sápò, ó tún lọ ṣa òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ kejì.

"Màdáámù, a ò pè yín wá gbálẹ̀ o," ni Alága sọ.

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbá a, ẹ ṣá máa dúpẹ́." Ó dìde. "Ta ló lè ṣàlàyé nǹkan yìí fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún òpònú?"

Gbogbo wọn wo Ẹ̀ńjíníà Kékeré. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Wáyà dúdú yìí, ẹyọ kan ṣoṣo ni, mà. Ó ń ti ara ẹ̀rọ kan bọ́ sí ara òmíràn. Ó ní orí, ó ní ìdí, a sì dé ibi méjèèjì ní fìlà."

"Fìlà kẹ̀?"

"Ohun tí Bàámi ń pè é nìyẹn. Irin kékeré kan ni, ó ń wọ ẹnu wáyà. Nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń gbé ọ̀rọ̀ mì bó bá ti dé òpin. Bí nǹkan yẹn ò bá sí, ọ̀rọ̀ á dé òpin, á ta padà, á kọlu èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ̀rọ kankan ò ní gbọ́ ohun tí ìkejì ń sọ mọ́."

"Bí ìgbà tí èèyàn bá ń pariwo nínú yàrá tí kò ní àga."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, mà."

"Wáyà tìẹ ńkọ́? Ṣé òun náà ń dé fìlà?"

"Rárá. Ní tèmi, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló ní wáyà tirẹ̀. Bí ẹ bá yọ ọ̀kan, òun nìkan ló máa kú. Àwọn yòókù ò tiẹ̀ ní mọ̀."

"Ó dára. Nítorí náà, ẹni tó bá mọ irú tìẹ nìkan lè gbàgbé fìlà tàwọn àgbà."

Ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn. "Mi ò gbàgbé! Mo wo méjèèjì kí ẹ tó dé. Mo wo ti yàrá kọ̀ǹpútà látojú fèrèsé, mo sì yọjú wo tinú yàrá òwú láti òkèèrè. Fìlà wà lórí méjèèjì."

Ojú-Abẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Fìlà wà níbẹ̀, wáyà sì kú. Ó ti ń dùn."

*

Fọ́mánù ni Ojú-Abẹ́rẹ́ kọ́kọ́ bi léèrè ọ̀rọ̀. Ọkùnrin tó rí bí ọkùnrin ni, ẹ̀wù rẹ̀ mọ́, àlùmọ́gàjí kékeré tó fi ń gé òwú sì rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn pẹ̀lú okùn pupa. Gbogbo ahunṣọ ilé náà ló ní irú rẹ̀. Wọn á yá ara wọn ní bàtà, wọn á yá ara wọn ní ẹ̀wù, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń yá ẹlòmíràn ní àlùmọ́gàjí. Ọjọ́ tí ahunṣọ bá fẹ̀yìn tì, á gbé e lọ sílé bó ṣe wà lọ́rùn rẹ̀, tàbí kó fún ẹni tó kọ́ níṣẹ́.

"Ibo lẹ wà nígbà tí ẹ̀rọ kú?"

"Òkè ni mo wà, lọ́dọ̀ Alága. Mo mú aṣọ kan lọ fi hàn wọ́n."

"Òótọ́ ni," ni Alága gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Iwájú mi ló wà."

"Kí lẹ rí kí ẹ tó gòkè?"

Fọ́mánù wo ilẹ̀. "Màdáámù, ọ̀rẹ́ mi ni Bàbá Wáyà. Kò wù mí kí n sọ ọ́. Mo rí i nínú yàrá òwú, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́nu wáyà."

Kùn-ún ni gbọ̀ngàn kùn. Alága na ìka sí Bàbá Wáyà bí ẹni pé ẹjọ́ ti parí.

"Àràárọ̀ ni mo máa ń nu eruku òwú kúrò lára fìlà yẹn," ni Bàbá Wáyà sọ. "Fọ́mánù fúnra rẹ̀ mọ̀."

"Ṣé ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ débẹ̀ lónìí, Bàbá?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì. Mo nù ún nígbà tá a ṣí ilé iṣẹ́. Nígbà tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kú, mo tún sáré débẹ̀."

"Kí lẹ rí lẹ́ẹ̀kejì yẹn?"

Bàbá Wáyà ká àkísà ọwọ́ rẹ̀, ó tú u, ó tún ká a. Ẹ̀ńjíníà Kékeré ń wò ó, ó ń fi ojú bẹ̀ ẹ́ pé kó dákun kó sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ò jẹ́ kí ojú àwọn méjèèjì pàdé.

"Kò burú," ni Ojú-Abẹ́rẹ́ sọ. "Ẹ dá mi lóhùn eléyìí ná. Bí wáyà bá kú, ṣé ẹ̀rọ á dúró lójú ẹsẹ̀?"

"Ó tì o." Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ti dé, ohùn Bàbá Wáyà sì le. "Ẹ̀rọ á hun bátànì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán. Ìgbà tó bá béèrè òmíràn tí kò rí ẹni dá a lóhùn ló máa dúró."

"Ìdí rèé tí wọ́n fi kú lọ́kọ̀ọ̀kan." Obìnrin náà ti awò-ojú rẹ̀ sókè. "Gbogbo yín lẹ ń sọ ibi tí ẹ wà nígbà tí ariwo dá. Ìyẹn ò wúlò fún mi. Ọṣẹ́ ti ṣẹlẹ̀ kí ariwo tó dá. Ẹni tó wà lókè nígbà yẹn lè ti wà nísàlẹ̀ ṣáájú. Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi? Ṣé o kúrò ní yàrá kọ̀ǹpútà rárá?"

"Mo gòkè lẹ́ẹ̀kan, mo lọ bá àwọn ayàwòrán."

"Ṣé o ti ilẹ̀kùn?"

"Rárá, mà. Ta ni mo fẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ níbí?"

*

Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Alága. Ojú-Abẹ́rẹ́ béèrè bóyá ọ̀nà kan wà téèyàn fi lè mọ̀ bóyá fìlà kan yè tàbí ó kú láìjẹ́ pé ó kàn ń wò ó lójú.

"Mítà ni," ni Ẹ̀ńjíníà Kékeré dáhùn, ó sì mú ẹ̀rọ kékeré tó fi ń wọn wáyà jáde. "Fìlà kọ̀ọ̀kan, àádọ́ta ló máa ń fi hàn. Bí méjèèjì bá wà lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á pín in, mítà á fi mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n hàn."

"Wọ̀n ọ́n kí n rí i."

Ó yọ àpótí kúrò lára wáyà, ó fi ẹnu mítà kan oríkèé tó ṣófo. Àádọ́ta. Ó tún un ṣe. Àádọ́ta náà ni.

"Ọ̀kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́," ló wí.

Ó yọ fìlà inú yàrá náà, ó wọ̀n ọ́n lóun nìkan. Ó pé. Gbogbo wọn wá rọ́ lọ sí yàrá òwú. Níbẹ̀, lẹ́yìn àwọn kóònù òwú, ìyẹn páálí oníhò tí wọ́n ká òwú mọ́, tí wọ́n tò dé àjà, fìlà kejì ń dán lẹ́nu wáyà. Ẹ̀ńjíníà Kékeré yọ ọ́, ó fi mítà kàn án. Mítà ò sọ nǹkan kan. Ó yí inú fìlà náà síta. Irin lásán ni, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Lórí rẹ̀, òrùka tíntìntín kan wà, ègé ṣéènì kan sì rọ̀ mọ́ òrùka náà.

Ẹ̀ńjíníà Kékeré gbé e sójú. Ó dá a mọ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó sáré padà sí yàrá kọ̀ǹpútà, ó yí ẹ̀yìn àpótí ìsopọ̀ síta. Ṣéènì kékeré kan ń rọ̀ níbẹ̀, kò sì sí nǹkan kan ní ìdí rẹ̀.

"Tèmi ni," ló sọ nígbà tí wọ́n bá a débẹ̀. "Ara àpótí yìí ló ti wá. Wọ́n fi ń bo ẹnu rẹ̀ kí eruku má wọ̀ ọ́ ni. Kì í ṣe fìlà wáyà."

"Tìẹ!" Alága pàtẹ́wọ́ kan ṣoṣo. "Bàbá ń nu wáyà, ọmọ ń gé ṣéènì! Tọmọ-tòbí lẹ jọ dìtẹ̀ mọ́ mi!"

"Mi ò gé e! Ṣe ni mo fi í sílẹ̀ kó máa rọ̀ lẹ́yìn àpótí!"

"Ta ló wá gé e?"

"Èmi ni."

Bàbá Wáyà ló sọ̀rọ̀. Ó bọ́ síwájú, ó dúró láàárín ọmọ rẹ̀ àti Alága.

"Èmi ni mo gé e. Èmi ni mo fi í dípò fìlà gidi. Mi ò fẹ́ kí wọ́n so wáyà mi mọ́ tuntun, mo sì ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ọmọ mi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ sí àgọ́."

Ẹ̀ńjíníà Kékeré di ògiri mú. Ó ti ń fura sí i láàárọ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n gbígbọ́ rẹ̀ lẹ́nu bàbá rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n gbá a létí. Alága ti ń wá fóònù rẹ̀. Ojú-Abẹ́rẹ́ nìkan ni kò mira.

"Kí lẹ fi gé e, Bàbá?"

"Ẹ̀mú ìgéwáyà mi."

"Ẹ jẹ́ kí n rí i." Ó gbà á, ó wo ẹnu rẹ̀, ó dá a padà. "Ẹ bá mi gé ìdí ṣéènì yìí díẹ̀."

Bàbá Wáyà gé e. Ojú-Abẹ́rẹ́ kó méjèèjì sí àtẹ́lẹwọ́, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé àti èyí tó wà lára fìlà, ó sì lọ sójú fèrèsé.

"Ẹ sún mọ́bí. Ẹ̀mú Bàbá fún irin pa láti ọ̀tún àti òsì, ojú ibi tó gé wá dà bí òrùlé. Tara fìlà tẹ́ pẹrẹsẹ. Abẹ méjì tó ń gba ẹ̀gbẹ́ ara wọn kọjá ló gé e. Àlùmọ́gàjí ni." Ó yíjú sí Bàbá Wáyà. "Bàbá, irọ́ lẹ pa fún mi. Nígbà tí ẹ débẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ rí fìlà yìí. Ẹ mọ̀ pé kì í ṣe tiyín, ẹ sì mọ ibi tó ti wá. Ẹ rò pé ọmọ yín ló ṣèèṣì dé e síbẹ̀, torí nǹkan tirẹ̀ kì í dé fìlà."

Bàbá Wáyà dá ẹ̀mú rẹ̀ padà sápò.

"Iṣẹ́ ńlá rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyí," ló wí. "Èmi ti ṣe tèmi. Bí wọ́n bá pè mí ní ọ̀tá ilé iṣẹ́, màá gbé e lọ sílé. Ṣùgbọ́n kí wọ́n wá pe eléyìí ní aláìmọ̀kan, níwájú àwọn tó ń pè é ní ẹ̀ńjíníà? Mi ò lè gbọ́ ọ."

Omi dà lójú Ẹ̀ńjíníà Kékeré. "Bàámi, èmi náà rò pé ẹ̀yin ni."

"Èmi?" Bàbá Wáyà wò ó tìyanu-tìyanu, inú sì bí i gan-an. "Kí èmi fi fìlà òfìfo dé wáyà mi? Ṣé orí mi dàrú ni?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí gbogbo wọn jọ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

*

Ojú-Abẹ́rẹ́ padà sínú gbọ̀ngàn, ó gba kóònù òwú funfun kan, ó fa òwú rẹ̀ jáde. Ó ní kí àwọn ahunṣọ wá lọ́kọ̀ọ̀kan, kí kálukú fi àlùmọ́gàjí ọrùn rẹ̀ gé díẹ̀ fún òun. Wọ́n ń wá, wọ́n ń gé, òwú ń já mọ́ féfé. Kò bi wọ́n léèrè nǹkan kan.

"Ṣé èmi náà?" ni Fọ́mánù béèrè.

"Ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀ọ́."

Fọ́mánù fi ṣóńṣó àlùmọ́gàjí gé e. Òwú já mọ́.

"Ó wuyì. Ẹ wá fi àárín abẹ gé òmíràn."

Fọ́mánù dúró díẹ̀. Ó ki òwú bọ àárín abẹ, ó tẹ̀ ẹ́. Òwú náà já tán lápá kan, apá kejì fà gùn-ún, ó sì rí wúruwùru. Ó tún tẹ̀ ẹ́ kó tó já.

Ojú-Abẹ́rẹ́ kó àjákù òwú jáde lápò rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí ẹ̀rọ.

"Látìgbà tí mo ti wọlé ni mo ti rí i, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tí mo rí. Gbogbo òwú tó wà nílẹ̀ gbọ̀ngàn yìí ni wọ́n gé mọ́ bí ẹni fi abẹ fá a. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí ẹ̀yin fọwọ́ ara yín ń tọ́jú, àwọn tó wà nísàlẹ̀ òkìtì àjákù mọ́. Àwọn tó wà lókè, tí ẹ gé láàárọ̀ yìí kí ẹ tó lọ bá Alága, ló rí báyìí. Àlùmọ́gàjí yín kò gbó, Fọ́mánù. Ó fi eyín gé irin ni, eyín rẹ̀ sì yẹ. Ọmọ yìí gòkè, ẹ wọ yàrá kọ̀ǹpútà, ẹ gé e. Bàbá nu fìlà tán, ó kúrò níbẹ̀, ẹ wọ yàrá òwú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ wá gòkè lọ dúró síwájú ẹni tó máa jẹ́rìí yín, ẹ ń retí kí ariwo dá."

Àwọn ahunṣọ yíjú sí Fọ́mánù.

"Ohun kan ni mi ò kọ́kọ́ lóye," ni obìnrin náà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ àlùmọ́gàjí náà nù?"

Fọ́mánù fọwọ́ bo àlùmọ́gàjí láyà rẹ̀. "Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ló bọ́ ọ lọ́rùn ara rẹ̀ fún mi," ló wí. "Ṣé irú rẹ̀ ni wọ́n ń sọ nù?"

"Ohun tí mo rò náà nìyẹn," ni Ojú-Abẹ́rẹ́ dáhùn.

Fọ́mánù gbójú sókè. Kò jọ olè tí wọ́n mú. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn láti àná ni.

"Kò sí bátànì kan tó dé orí ẹ̀rọ yìí rí láìgba ojú mi. Ayàwòrán á gbé e wá, màá sọ fún un pé àwọ̀ yìí ò ní jọ ara wọn, òwú ibí yìí á já. Mo sọ ọ́, wọ́n sì ń gbọ́. Lánàá, ẹnì kan jókòó sókè, ó tẹ bọ́tìnnì, aṣọ ń hun. Gbogbo yín pàtẹ́wọ́. Kò sí ẹni tó wẹ̀yìn wò mí. Mo rò pé bí kò bá ṣiṣẹ́, Alága á ní kí wọ́n yọ àpótí náà, nǹkan á padà sípò. Bàbá Wáyà ló kọ́ mi nípa fìlà, nígbà tá a ṣì wà lọ́dọ̀ọ́."

"O jẹ́ kí wọ́n pè mí ní ọ̀tá," ni Bàbá Wáyà sọ.

"Mi ò rò pé ọ̀rọ̀ á dórí ẹ."

"Nígbà tó dórí mi ńkọ́? O dúró síbẹ̀. Ìwọ lo tún sọ pé o rí mi."

Fọ́mánù lọ síbi kóònù òwú kan nídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ki ìka bọ inú rẹ̀, ó mú fìlà gidi jáde. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé e fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bàbá Wáyà gbà á, kò wo ojú rẹ̀. Ojú-Abẹ́rẹ́ fọwọ́ kan Fọ́mánù lápá pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ pé kó jẹ́ káwọn máa lọ sí àgọ́, kó lọ sọ ọ́ níbẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ níbí. Obìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, inú rẹ̀ dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kò sì bò ó mọ́lẹ̀ rárá.

*

Bàbá Wáyà fi àkísà nu fìlà náà yí po, ó dé e sẹ́nu wáyà, ó yí i títí ó fi dún ko. Ẹ̀ńjíníà Kékeré fi mítà sí i ní yàrá kọ̀ǹpútà, ó pariwo "Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n!" gbogbo gbọ̀ngàn sì gbọ́ ọ. Ó dá àpótí padà sáàárín, dúdú lápá kan, búlúù lápá kejì. Iná kékeré tàn lára rẹ̀, ó ń ṣẹ́jú. Lókè, ayàwòrán tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ kan hó, ìkejì gbà á, ariwo ńlá náà sì tún gba gbogbo ilé kan.

Alága dúró sáàárín àwọn ahunṣọ, kò mọ ibi tó máa fi ọwọ́ sí. Ó ní láti pariwo kí wọ́n tó gbọ́ ọ.

"Bàbá, mo bẹ̀ yín. Mo ṣì yín mú. Ẹ má bínú sí mi. Láti òní lọ, ẹ̀yin ni mo fi ṣe olórí gbogbo wáyà ilé yìí, tòkè tìsàlẹ̀. Mo sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn."

Àwọn ahunṣọ hó yèè. Ẹ̀ńjíníà Kékeré pàtẹ́wọ́ ju gbogbo wọn lọ. Bàbá Wáyà gbé ọwọ́ sókè títí wọ́n fi dákẹ́.

"Mo gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yín, Alága, mo sì gbà á," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹ ò mọ ẹni tí ipò yẹn tọ́ sí. Wáyà dúdú nìkan ni mo mọ̀. Ẹni tó mọ dúdú, tó mọ búlúù, tó mú kí àwọn méjèèjì gbọ́ra wọn yé ló dúró níbẹ̀ yẹn." Ó na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀. "Ohun tó bá ní kí n ṣe ni màá ṣe."

Ó wá rìn lọ síwájú rẹ̀, ó dúró ṣánṣán bí àwọn òṣìṣẹ́ ti máa ń dúró níwájú ẹni tó ń rán wọn níṣẹ́.

"Ọ̀gá mi," ló wí, "kí ló kù tá a máa ṣe?"

Orúnkún Ẹ̀ńjíníà Kékeré fẹ́ kanlẹ̀. Ká ní ilé ni wọ́n wà, ì bá ti kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ojú wà lára rẹ̀, ó sì rí i pé kì í ṣe ohun tí bàbá rẹ̀ ń fẹ́ nìyẹn. Ó nu ojú rẹ̀, ó nàró.

"Ẹ bá mi lọ wo ẹ̀rọ tó wà lẹ́bàá ògiri ẹ̀yìn," ló wí. "Ohùn rẹ̀ ò tíì dọ́gba."

"Ó ti yá, ọ̀gá mi," ni Bàbá Wáyà dáhùn, ó sì gba àárín gbogbo wọn kọjá lọ ṣe é.